Ọjọ́ tí Adènà Dákú

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025 bọ́ sí. Ìsinmi ni ní Nàìjíríà, Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Ọ́fíìsì tì, báńkì tì. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, Gmail àti Google Meet ò dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn mọ́ káàkiri ayé, Spotify kọ̀ láti kọrin, Discord àti Snapchat ń ṣe ségesège, àwọn ilé-iṣẹ́ tó kó iṣẹ́ wọn lé Google Cloud lọ́wọ́ sì ń wo ojú ara wọn.

Wáyà abẹ́ òkun kò já bó ti ṣe já fún wa ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Àwọn ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, détà wà níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, olè kankan kò sì wọlé. Adènà ló dákú, ìyẹn ètò tó máa ń dá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ó ní ìyọ̀ǹda, kó tó jẹ́ kó kọjá.

Google kọ ìròyìn tirẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Cloudflare, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ojú-ewé àti ètò àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, kọ tirẹ̀ pẹ̀lú àkókò lẹ́sẹẹsẹ. Inú méjèèjì ni mo ti to ọjọ́ náà pọ̀. Aago Nàìjíríà ni mo fi kà á. Lásìkò yẹn, California fi wákàtí 8 wà lẹ́yìn wa.

Aago 9 òwúrọ̀

Aago 1 òru ni ní California. Ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀, nítorí náà àyè wà láti sọ bí iṣẹ́ adènà ṣe rí.

Ẹni tó bá ti lọ kí ènìyàn nínú ẹsítéètì kan ní Lẹ́kí mọ̀ ọ́n. Sẹkúríítì á dá mọ́tò dúró: “Ẹ káàárọ̀ sà. Ta lẹ fẹ́ rí? Kóòdù yín dà?” Nǹkan méjì ló fẹ́ mọ̀. Èkíní, ta ni ẹni yìí? Èkejì, ṣé onílé fún un láyè? Ènìyàn lè dáhùn èkíní dáadáa, kó mú káàdì ìdánimọ̀ jáde, kí wọ́n sì tún dá a padà nítorí èkejì. Sẹkúríítì fúnra rẹ̀ kì í sì í dá èkejì mọ̀. Ó ní láti pe inú ilé lórí fóònù.

Nígbà kan, inú ètò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ àyẹ̀wò yìí sí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ogún ètò á ní ogún oríṣi àyẹ̀wò, tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ní èdè kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sì sí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú sidecar wá: reverse proxy kékeré tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò kan, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú pod kan náà, bí ẹni jọ wà nínú yàrá kan, lórí Kubernetes, ètò tó ń bójú tó àwọn ètò mìíràn lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ìbéèrè yòówù tó bá ti ìta wá, ọwọ́ proxy ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Ètò gan-an kì í gbọ́ ohùn ará ìta, 127.0.0.1 nìkan ló ń tẹ́tí sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ilé nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀. Envoy, tí ilé-iṣẹ́ Lyft gbé síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2016, ló gbajúmọ̀ jù nínú irú proxy bẹ́ẹ̀. Kékeré kan tún wà tó ń jẹ́ kube-rbac-proxy, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda lọ.

Kékeré yìí ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé, nítorí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára. Wàá sọ ibi tí yóò ti máa gbọ́ ti ará ìta fún un, 8443 lọ́pọ̀ ìgbà. Wàá sọ ibi tí ètò rẹ wà, bíi 127.0.0.1:8081. Wàá kọ ìyọ̀ǹda tí oníbéèrè gbọ́dọ̀ ní sínú fáìlì kékeré kan. Bí ìbéèrè bá dé pẹ̀lú tókìnnì, proxy á bi Kubernetes pé ta ló ni tókìnnì yìí. TokenReview ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lẹ́yìn náà á tún bi í pé ṣé ẹni yìí ní àṣẹ láti ka irú nǹkan báyìí ní àyè báyìí. Ìyẹn ni SubjectAccessReview. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè wọlé. Bí tókìnnì kò bá sí, tàbí tí kò ṣe é gbà, 401. Bí wọ́n bá mọ ẹni náà ṣùgbọ́n tí kò ní ìyọ̀ǹda, 403.

Ibi méjì ni wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ nínú ìṣètò rẹ̀. Wọ́n á gbé proxy sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì gbàgbé ètò fúnra rẹ̀ lórí 0.0.0.0, tí ẹnikẹ́ni nínú cluster, ìyẹn àkójọ ẹ̀rọ náà, á fi lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìrí adènà rárá. Tàbí kí wọ́n má fún proxy alára ní àṣẹ láti dá TokenReview àti SubjectAccessReview sílẹ̀, kí adènà dúró lẹ́nu ọ̀nà láìní fóònù lọ́wọ́. Èyí kejì kì í pẹ́ hàn, nítorí ẹnikẹ́ni ò ní rí ọ̀nà wọlé. Àkọ́kọ́ ló burú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí láìsí ẹni tó máa fura, torí pé gbogbo nǹkan ń lọ geere.

Ọ̀sán

Ní Abuja, Ààrẹ Tinubu bá àwọn ọmọ ilé aṣòfin méjèèjì sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó àpapọ̀ wọn nítorí àyájọ́ náà. Ní California, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán.

Ìbéèrè kẹta wà tí sẹkúríítì kì í bi àlejò, nítorí ara rẹ̀ ló yẹ kó bi: bí mo bá pe inú ilé tí fóònù kò lọ ńkọ́? Kí n ṣílẹ̀kùn ni, àbí kí n tì í?

Nínú Envoy, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dáhùn èyí: failure_mode_allow. Bí o kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, false ni. Ilẹ̀kùn á wà ní títì, oníbéèrè á sì gba 403. Google náà ní sidecar tirẹ̀, ESPv2, tí wọ́n kọ́ lórí Envoy, tí àwọn tó ń lo Cloud Endpoints máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò wọn. Ìlà tirẹ̀ ni service_control_network_fail_policy. Bí o kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, open ni: bí fóònù kò bá lọ, jẹ́ kí wọ́n máa wọlé. Inú Envoy kan náà làwọn méjèèjì ti wá, ìdáhùn wọn sì yàtọ̀ síra pátápátá. Mo ṣetán láti fi owó lé e pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò wọ́n ò tíì ka ìlà yẹn rí.

Service Control lorúkọ ẹni tí ESPv2 máa ń pè lórí fóònù. Orúkọ yìí kan náà ni Google dá nínú ìròyìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkàn ètò tó ń yẹ ìbéèrè API wò kó tó dé ibi tó ń lọ: ṣé ó ní àṣẹ, ṣé ó bá òfin mu, ṣé kò tíì lò kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fún un? Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní Service Control tirẹ̀, inú Spanner, ibi ìpamọ́ détà Google, ni kálukú sì ti ń ka òfin tó ń tẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì gééré ṣáájú, wọ́n ti fi kóòdù tuntun kún Service Control, láti fi ṣe àyẹ̀wò ìwọ̀n ìlò kan sí i. Wọ́n tò ó láti ẹkùn dé ẹkùn bó ti yẹ. Kò bàjẹ́ níbì kankan, nítorí kò ṣiṣẹ́ níbì kankan: òfin tuntun kan ló máa jí i, òfin náà kò sì tíì dé. Kò sí ìlà tó sọ ohun tí kóòdù yìí máa ṣe bó bá bá òfo pàdé. Kò sì sí suwíìṣì tí wọ́n lè fi tan án fún ìwọ̀nba díẹ̀ kí wọ́n tó tan án fún gbogbo ayé. (Ọmọ Nàìjíríà ò lè ka ọjọ́ méjèèjì yìí kó má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa wa tẹ́lẹ̀, kí Buhari tó kéde lọ́dún 2018 pé ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ni yóò máa jẹ́, nítorí ìbò Abíọ́lá ti ọdún 1993. Kàlẹ́ńdà wa ni kóòdù náà tẹ̀ lé, láti ìwọlé rẹ̀ dé ìṣubú rẹ̀.)

Aago 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ní nǹkan bí àkókò yìí ni òfin tuntun náà wọ inú Spanner. Àwọn ibì kan ṣófo nínú rẹ̀ tí kò yẹ kó ṣófo. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìlò kan gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà Spanner pín in dé gbogbo ẹkùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí Spanner máa ṣe náà nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa.

Service Control ka òfin náà. Kóòdù ọjọ́ 29 jí. Ó lọ sí ibi tó ṣófo, ó fẹ́ tẹ̀lé atọ́ka tí kò tọ́ka sí nǹkan kan, ètò náà sì kú. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé bó bá kú kó jí padà fúnra rẹ̀. Ó jí, ó tún ka òfin, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní Yúróòpù àti Éṣíà, nígbà kan náà.

Ẹ kíyè sí i pé kóòdù ni wọ́n rọra tò láti ẹkùn dé ẹkùn. Òfin ni wọ́n jẹ́ kó fò dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan. Kóòdù la máa ń fi ojú ewu wò, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, a máa ń dán an wò. Òfin ìyọ̀ǹda ńkọ́, tí à ń yí padà láàárọ̀ láti fi ọ̀gá tuntun kún àwọn tó lè wọlé? Bẹ́ẹ̀ òfin ọ̀hún náà ló ń pinnu ojú-ọ̀nà tí kóòdù máa gbà. Envoy ní nǹkan kan fún èyí tó ń jẹ́ shadow_rules: proxy á máa wọn ìbéèrè mọ́ òfin tuntun, á máa kọ ohun tí ì bá ṣe sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró. Bí òfin náà bá tọ́, wàá wá sọ ọ́ di òfin gidi.

Aago 6:51 ìrọ̀lẹ́

Google ka ìṣẹ́jú yìí sí ìbẹ̀rẹ̀. 503 ni àwọn oníbéèrè ń gbà.

Nọ́ńbà yẹn yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú. Ẹni tó gba 403, adènà rí i, ó mọ̀ ọ́n, ó sì ní rárá. Ẹni tó gba 503 kò bá ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ti wà nínú ilé kò sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n ti yá tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ, détà tó ti ń ṣàn ń ṣàn lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá ẹ̀rọ sílẹ̀, tó fẹ́ ka fáìlì, tó fẹ́ yí ìyọ̀ǹda ẹnì kan padà, òun ló dúró síta.

Láàárín ìṣẹ́jú 2, àwọn ẹnjiníà Google ti dìde sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 10, wọ́n ti mọ ohun tó fà á. Ó yẹ ká yìn wọ́n. Èmi mọ ọ́fíìsì tí wọ́n á ṣì máa bi ara wọn nígbà yẹn pé ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Kóòdù náà kò ní suwíìṣì tí wọ́n lè fi rọra tan án, ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnì pupa tí wọ́n lè fi pa á. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 kí bọ́tìnì náà tó ṣe é tẹ̀, ó sì tó 40 kó tó dé ibi gbogbo.

Aago 7:05 alẹ́

Ní Cloudflare, àwọn tó ń bójú tó WARP, tó ń so ẹ̀rọ àwọn oníbàárà mọ́ Cloudflare, ti rí i láti 6:52 pé ẹ̀rọ tuntun kò lè forúkọ sílẹ̀ mọ́. Ní 7:05, ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó Access. Ní 7:06, wọ́n kó gbogbo ìkìlọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, nítorí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wá: Workers KV, ibi ìpamọ́ détà Cloudflare. Ní 7:21, wọ́n gbé e sí ipò pàjáwìrì tó ga jù lọ.

Access lọ̀rọ̀ wa kàn jù. Iwájú ètò inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e sí, kó lè máa mọ òṣìṣẹ́ tó ní ìyọ̀ǹda yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Inú Workers KV ló ń kó òfin ìyọ̀ǹda àti ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ pamọ́ sí, Workers KV náà sì gbé apá kan ẹrù rẹ̀ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Cloudflare kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn nínú ìròyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n agbẹnusọ rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn lọ́jọ́ náà pé Google Cloud ni. Nínú ìbéèrè tó lọ sọ́dọ̀ Workers KV, 90.22% ló kùnà.

Àwọn tó ṣe Access ti dáhùn ìbéèrè kẹta tipẹ́. Bí a kò bá rí òfin kà, tàbí tí a kò mọ ẹni tó dé, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Nítorí náà, gbogbo ìgbìyànjú láti fi ìdánimọ̀ wọlé ló kùnà, 100%. Ohun tó tún mú mi dúró nínú ìròyìn wọn ni ti àwọn tó ti wà lórí SSH, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti òkèèrè, kí wàhálà tó dé, tí wọ́n ti ṣètò pé kí gbogbo àṣẹ tí wọ́n bá tẹ̀ máa wọ inú àkọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà kò wọlé, nítorí ó nílò Workers KV. Ẹni tó wà níta kò lè wọlé, a kò sì mọ ohun tí ẹni tó wà nínú ilé ń ṣe. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣètò sidecar, ìyọ̀ǹda nìkan ló máa ń ronú kàn. Ó yẹ kó bi ara rẹ̀ ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ adènà wà pẹ̀lú, àti ẹni tó gbé e dání.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn tún wà nínú ilé kan náà. Turnstile ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ènìyàn ló wà nídìí kọ̀ǹpútà tàbí rọ́bọ́ọ̀tì. Níbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ suwíìṣì tó mú kó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kọjá, wọ́n sì sọ fúnra wọn pé títí wọ́n fi pa suwíìṣì náà, tókìnnì tí ẹnì kan ti lò lè ṣe é lò lẹ́ẹ̀kejì. Alẹ́ kan, ilé kan, ọ̀kan tì, ọ̀kan ṣí. Lójú tèmi, méjèèjì ló tọ́. Bí rọ́bọ́ọ̀tì díẹ̀ bá kọjá fún wákàtí méjì, a óò gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́la. Bí àjèjì bá wọ inú ètò owó-oṣù ilé-iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kò sí ìgbálẹ̀ tó lè gbá ìyẹn.

Aago 7:46 alẹ́

Bọ́tìnì pupa ti dé ibi gbogbo, àwọn ẹkùn kéékèèké sì ti ń dìde. Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn tí ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nìyí, ìgbà yìí sì ni Google tó lè kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn oníbàárà lórí ojú-ewé tó yẹ kí wọ́n ti máa rí ìròyìn. Ojú-ewé náà ṣubú pẹ̀lú ohun tó yẹ kó ròyìn. Àwọn oníbàárà kan sì gbé ẹ̀rọ ìṣọ́ tiwọn sórí Google Cloud, nítorí náà wọn kò rí ìkìlọ̀ rárá. Sẹkúríítì dákú, àpò rẹ̀ ni fóònù tí à bá fi pe dókítà wà.

Ẹkùn kan kọ̀ láti dìde: us-central1, ní Council Bluffs, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ẹkùn ńlá ni. Nígbà tí Service Control ń jí níbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ rọ́ lu tábìlì Spanner kan náà láti ka òfin. Ẹrù náà pọ̀ ju agbára tábìlì náà lọ. Wọn ò ṣètò kí kálukú máa dúró díẹ̀ kó tó tún gbìyànjú, kí ìdúró náà máa gùn sí i, kó má sì dọ́gba láàárín wọn. Àwọn ẹnjiníà ní láti dín iye iṣẹ́ tó ń jí kù, kí wọ́n sì darí àwọn mìíràn sí ibi ìpamọ́ détà tó kárí ẹkùn púpọ̀. Ó gbà wọ́n tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 lápapọ̀ kí us-central1 tó bọ̀ sípò.

Irú èyí kì í ṣe ti ilé ńlá nìkan. Bí igba pod bá jí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí iná dé, sidecar igba ló máa bi Kubernetes léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń gbà wá ni ìrántí: adènà lè rántí ìdáhùn fún ìgbà díẹ̀ dípò kó máa pe inú ilé nígbà gbogbo. Kubernetes náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá gbé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda lọ sọ́dọ̀ adájọ́ ìta: bí o kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú 5 ni yóò fi rántí bẹ́ẹ̀ ni, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni yóò fi rántí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìrántí yẹn lè gba ilé là nígbà tí fóònù bá kú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òun náà ló máa jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lónìí ṣì máa wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ jókòó, kó yan iye tó lè fara dà.

Aago 8:09 sí 9:28 alẹ́

Cloudflare kò lè tún ẹ̀rọ Google ṣe, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tó so wọ́n mọ́ ọn. Láti 7:43 ni àwọn tó ń bójú tó Access ti ń wá ibòmíràn tí wọ́n lè kó òfin wọn sí. Ní 8:09, àwọn tó ń bójú tó Gateway, adènà tó ń yẹ ohun tó ń jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin tó nílò ìdánimọ̀ tàbí ipò ẹ̀rọ, kí àwọn òfin yòókù lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ní 8:32, Access kúkú ń ju ìbéèrè ìdánimọ̀ nù kí ẹrù lè fúyẹ́ lórí Workers KV. Ní 9:23, ibi ìpamọ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ní 9:25, Access tún ń bá Workers KV sọ̀rọ̀. Ní 9:28, wọ́n pa ìwé rẹ̀ dé.

Nínú ìròyìn wọn, wọ́n gbà pé bó tiẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló yan ẹni tí wọ́n gbára lé.

Lẹ́yìn aago 9:30 alẹ́

Thomas Kurian, ọ̀gá Google Cloud, tọrọ àforíjì lórí X. Lẹ́yìn náà, àwọn kan tó mọ iṣẹ́ yìí ń jiyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó yẹ kí Google ti ṣètò adènà rẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn bó bá dákú. Google alára ṣe ìlérí tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn rẹ̀: wọ́n á pín Service Control sí abala-abala, tí àyẹ̀wò kan bá kùnà, ìbéèrè á ṣì máa kọjá.

Mo gbà dé ibì kan. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ṣubú kì í ṣe kóòdù ìyọ̀ǹda. Ìwọ̀n ìlò ló ń yẹ̀ wò. Bí àyẹ̀wò ìwọ̀n ìlò bá dákú tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, oníbàárà kan á lo ju ìpín rẹ̀ lọ, wọ́n á sì fi bíìlì lé e lọ́wọ́ tó bá yá. Bí àyẹ̀wò ìyọ̀ǹda bá dákú tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ìwé ìtọ́jú aláìsàn ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè jókòó tì. Ìbéèrè kẹta kò lè ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì. Ibi tí Google ti ṣì í ni pé àwọn méjèèjì jọ wà nínú ara kan, tí ikú èyí tó fúyẹ́ fi di ikú èyí tó wúwo. Bí wọ́n bá wá ní kí gbogbo ara náà máa ṣílẹ̀kùn báyìí, ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n á tún ti ṣubú.

Àwọn tó kọ Envoy ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ láti ilẹ̀. Ìyọ̀ǹda ní filter tirẹ̀, ext_authz, pẹ̀lú failure_mode_allow. Ìwọ̀n ìlò ní tirẹ̀, ratelimit, pẹ̀lú failure_mode_deny. False ni méjèèjì bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ false ti àkọ́kọ́ ń ti ilẹ̀kùn, false ti ìkejì ń ṣí i. Òfin tí kì í sì í yí padà lemọ́lemọ́ ní ibi kẹta tó lè gbé: filter RBAC, níbi tí adènà ti di òfin mú lọ́wọ́ ara rẹ̀, tí kò ní láti pe ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ń ṣètò sidecar fún ilé-iṣẹ́ kan, ibẹ̀ ni mo máa kó ohun tó pọ̀ jù sí: ẹ̀ka ìṣirò-owó nìkan ló lè wo owó-oṣù, ètò ìkìlọ̀ nìkan ló lè ka metrics. Ohun tó bá kù tó gba ìdájọ́ lójú ẹsẹ̀ ni mo máa fi sílẹ̀ fún fóònù.

Aago 2:18 òru, Ọjọ́ Ẹtì

Ìsinmi ti parí. Vertex AI Online Prediction, ọ̀kan nínú àwọn ètò Google Cloud, gbẹ́yìn nínú gbogbo wọn, òun náà sì bọ̀ sípò ní àkókò yìí, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 27 lẹ́yìn tí 503 àkọ́kọ́ jáde. Ní Google, wọ́n dá gbogbo àyípadà sí Service Control dúró, títí kan fífi ọwọ́ ti òfin tuntun sínú rẹ̀, títí àtúnṣe yóò fi parí.